Odò Mọ Ibi Tí Òkúta Ti Là

Ẹni tó bá ti Adó-Èkìtì wọ Ìkẹ́rẹ́ kò ní pẹ́ rí òkúta. Ọlọ́sunta àti Òrólẹ̀ yọ gàgàrà sókè ìlú, àpáta tí ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalaja. Àlejò tó bá wò wọ́n yóò ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ibi tó yẹ fún ilé kíkọ́ ju ibẹ̀ lọ. Bí ilé bá rì, tàbí tó fẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, Èkó la máa ń nawọ́ sí, nítorí a mọ̀ pé iyanrìn, ẹrẹ̀ àti omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èkìtì ní tirẹ̀, orí àpáta ló jókòó lé. Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí téèyàn bá wà lórí òkè. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì ńlá síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀ kó tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Òkúta àtayébáyé ló wà lábẹ́ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré: gíráńnáìtì, charnockite tó dúdú jù ú lọ, àti òkúta onílà-ìlà tí wọ́n ń pè ní gneiss. Púpọ̀ nínú gíráńnáìtì náà ti lé ní ọdún mílíọ̀nù 500. Ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì là. Ibi tó bá ti là ni omi òjò ń gbà wọlé, omi á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí òkúta yóò fi di amọ̀ àti iyanrìn. Ibi tó jẹrà yìí rọ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, àgbàrá á máa gbẹ́ ẹ, á máa lọ sílẹ̀, nígbà tó bá sì yá, odò á gbabẹ̀. Odò kì í ṣèèṣì gba ibi tó ń gbà. Nílẹ̀ olókùúta bíi ti Èkìtì, ipa ibi tí òkúta ti là ni ọ̀pọ̀ odò ń tọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé létí odò gan-an ni àpáta ti sábà máa ń jìnnà sójú ilẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń rí gbágungbàgun jù.

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ mọ èyí dáadáa. Wọ́n á kan irin mọ́lẹ̀, wọ́n á rán iná mànàmáná gba inú ilẹ̀, wọ́n á wo bí ilẹ̀ ṣe ń dènà á tó. Òkúta tó gbẹ tó sì le kì í fẹ́ jẹ́ kí iná kọjá. Amọ̀ tó mu omi yó kì í jà á níyàn. Ọgbọ́n yìí kan náà ni ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ńlá máa ń lò. Ẹni tó ń wá omi ń gbàdúrà kí ó bá ibi tí òkúta ti là pàdé. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbé ilé lé ń gbàdúrà kó má rí i rárá. Bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé bá gbọ́ pé omi pọ̀ nínú kànga ẹ̀rọ tí aládùúgbò gbẹ́, kó má bá wọn yọ̀ jù.

Kì í ṣe pé ilé gíga kò lè dúró nítòsí odò lórí irú òkúta yìí. Cocoa House wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, lórí òkúta àtayébáyé tó bá ti Èkìtì tan, odò Ògùnpa ò sì jìnnà síbẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀: àjà 26, gíga mítà 105. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ilé àti èèyàn lọ nígboro Ìbàdàn. Ní 1985, iná jó Cocoa House fúnra rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. Ó ti rí omi, ó ti rí iná, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá fi wé Millennium Tower ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ilé alájà 58 tí wọ́n parí ní 2009. Àpáta ibẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀, àwọn tó kọ́ ọ sì dá páìlì wọn, òpó gígùn tó ń wọnú ilẹ̀ lọ, dúró sínú iyanrìn tó wà lókè rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé etí gbogbo ayé ní 2016, ilé náà ti rì ní nǹkan bí ínṣì 16, ó sì ti ń fẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n wá padà lọ ri páìlì tuntun títí dórí àpáta. Owó tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe náà kò kéré rárá.

Nílẹ̀ wa, iṣẹ́ ìpìlẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayẹyẹ. Wọ́n á pa tẹ́ǹtì, àwọn lọ́balọ́ba á jókòó, òṣèlú kan á fi ṣíbí bíríkìlà bu sìmẹ́ǹtì lé òkúta mábù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, àwọn oníròyìn á ya fọ́tò. N kò bínú sí i. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, òkúta ìpìlẹ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà, ibi tí wọ́n sì gbé e sí ló wá ń sọ ibi tí ilé máa dúró. Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú ayẹyẹ ni àyẹ̀wò ilẹ̀, èyí tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ń pè ní sọ́ìlì tẹ́ẹ̀sì.

Wọ́n á gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n á lu ihò káàkiri ibi tí ilé máa gbà, ní igun kọ̀ọ̀kan àti láàárín. Bí wọ́n bá ti ń lọ sísàlẹ̀, wọ́n á máa dúró lu irin wọlẹ̀. Òòlù tó wọn kílò 63.5 ni wọ́n ń jẹ́ kó já láti òkè mílímítà 760 lé irin lórí, wọ́n á sì ka iye ìgbà tó máa lù ú kí irin tó wọlẹ̀ ní mílímítà 300. Bó bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin péré, ilẹ̀ náà kò lágbára rárá. Bó bá lé ní 50, ilẹ̀ ti le gan-an. Wọ́n á bu ilẹ̀ ibẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n á kọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sí i lára, ó di yàrá àyẹ̀wò.

Ibi tí wọ́n ti máa ń tan ara wọn jẹ ní ìhà tiwa nìyí. Òkúta kì í jẹrà déédéé. Omi á jẹ etí rẹ̀, á jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á wá ku àárín tó le koko, tí amọ̀ yí ká, bí èkùrọ́ ṣe wà nínú ẹyìn. Irú òkúta adáwà bẹ́ẹ̀ lè tóbi tó mọ́tò. Lébúrà á gbẹ́ ilẹ̀ títí dígà rẹ̀ á fi dún kan-an, iná á ṣẹ́ lára irin, fọ́máànù á ní a ti kan àpáta, ẹ jẹ́ ká dáwọ́ dúró. Wọ́n á da kòǹkéré lé e, wọ́n á gbé òpó lé kòǹkéré. Àmọ́ mítà kan ààbọ̀ péré ni òkúta yẹn nípọn. Amọ̀ rírọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í gba ariwo dígà gbọ́. Á ní kí ẹ̀rọ lu òkúta náà wọnú, ó kéré tán mítà 3, kó tó pè é ní àpáta. Bí ó bá jẹ́ adáwà ni, ẹni tó di ẹ̀rọ mú á mọ̀ lójú ẹsẹ̀: irin tó ti ń lọ pẹ̀lú ìnira á kàn já lọ sísàlẹ̀ wàràwàrà, omi tó ń jáde lẹ́nu ihò á yí àwọ̀ padà láti eérú sí pupa.

Òkúta tó jìnnà kọ́ ni ìṣòro tó le jù. Ohun tó le jù ni kí apá kan ilé wà lórí àpáta, kí apá kejì wà lórí ẹrẹ̀. Ilé tó bá rì déédéé lápapọ̀ lè máà ní ju pé ilẹ̀kùn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúró, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń rì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lágbedeméjì: ara ògiri lókè fèrèsé ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn, ó máa ń gba ìdàgẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Níhà Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta lè yọrí sókè níhìn-ín, kí àkùrọ̀ sì wà ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà sí i, ewu yìí kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ àwọn òpó kan fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ní Chicago báyìí, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Òpó lojú ń rí, òpó náà là ń yìn. Ẹńjíníà ní tirẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ òpó ti kan ilẹ̀ ló ń wò, ìṣirò ibẹ̀ kò sì le púpọ̀.

Ká ní ọ́fíìsì alájà mẹ́rin là ń kọ́, tí òpó kan jìnnà sí èkejì ní mítà 6. Òpó kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín ló máa ru ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 36 níbùú-lóòró ní àjà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ka kòǹkéré, ògiri, àga, fáìlì àti èèyàn pọ̀, tọ́ọ̀nù 1.2 lórí mítà kan níbùú-lóòró kò pọ̀ jù. Lórí àjà mẹ́rin, ẹrù òpó kan ti di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 173. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ òkúta tó jẹrà díẹ̀ àmọ́ tó ṣì le, tó lè ru tọ́ọ̀nù 50 lórí mítà kan níbùú-lóòró, ẹsẹ̀ kòǹkéré tó fẹ̀ ju mítà 1.8 díẹ̀ ti tó fún un. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tó ń ru tọ́ọ̀nù 10, ẹsẹ̀ náà á di mítà 4.2. Bó bá jẹ́ amọ̀ àkùrọ̀ tí kò lè ru ju tọ́ọ̀nù 5 lọ, ẹsẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 6, ẹsẹ̀ òpó kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti èkejì. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti parí. Wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di pẹpẹ kòǹkéré kan ṣoṣo lábẹ́ ilé láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní raft. Bí amọ̀ náà bá wá rọ̀ jù, tàbí tí sísanra rẹ̀ yàtọ̀ láti igun sí igun, ó di kí wọ́n gbẹ́ páìlì lọ bá àpáta. Lẹ́bàá ọ̀sà Èkó, páìlì lè lọ jìnnà gan-an kó tó rí ibi gidi dúró sí. Ní gúúsù Èkìtì, wọ́n lè má lọ tó mítà 15 kí wọ́n tó kan àpáta. Lábẹ́ ilé kan náà, páìlì kan lè jẹ́ mítà 4 kí èkejì jẹ́ 12, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbówó iṣẹ́ páìlì níbí kò gbọ́dọ̀ gbà á lórí gígùn kan ṣoṣo.

Àwọn tó fẹ́ kọ́lé kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n á ní kí wọ́n má ri owó àwọn mọ́lẹ̀. Ó yé mi: owó tó wọ ìpìlẹ̀ kì í hàn sí àlejò, kò ní gíláàsì, kò ní táìlì. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, odò Èkìtì sì ní ju ìrì lọ.

Omi ló kàn. Àwọn baba wa kì í kọ́lé sí àkùrọ̀. Ilé wà lókè, ẹ̀fọ́, ìrẹsì àti kókò ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò mítà kan ààbọ̀ sí ẹ̀bá odò ní oṣù Kejì lè rí i pé ó gbẹ. Kó padà wá ní oṣù Keje, àkèré á ti máa ké nínú rẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ilẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kò tíì pé. Ó yẹ kí wọ́n fi páìpù sílẹ̀ nínú ihò kan tàbí méjì, kí wọ́n máa wọn omi inú rẹ̀ títí òjò á fi rọ̀ tó á sì dá. Iṣẹ́ gbígbẹ́ fúnra rẹ̀, oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló dára jù fún un. Mo mọ̀ pé owó ìjọba kì í sábà jáde ní oṣù Kọkànlá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ní kété tí ilẹ̀ ń rin gbingbin, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gbẹ́ ni òjò ń rọ́ dí.

Bí omi bá wà nínú kòtò, wọn kì í fa omi láti ojú ibi tí kòǹkéré máa wà. Wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sí igun kan lẹ́yìn òde, tó jìn ju kòtò lọ, kí omi máa ṣàn síbẹ̀, kí pọ́ǹpù máa fà á jáde lọ́sàn-án lóru. Bí pọ́ǹpù bá ń fa omi lábẹ́ kòǹkéré tútù, sìmẹ́ǹtì á bá omi lọ, iyanrìn àti òkúta lásán ni yóò kù. Kí pọ́ǹpù dákẹ́ ní òru kan péré ti tó láti ba nǹkan jẹ́, ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi máa ń ní méjì nílẹ̀, pẹ̀lú díẹ́sẹ̀lì tó pọ̀ tó. Bí ìsàlẹ̀ kòtò bá jẹ́ iyanrìn kíkúnná, kí wọ́n ṣọ́ ọ: bí wọ́n bá fa omi yára jù, iyanrìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láti abẹ́ wá, á sì kó gbogbo agbára tí ilẹ̀ náà ní lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún páàkì mọ́tò, kó tún rántí pé omi máa ń tini sókè. Bí omi bá ga ju ilẹ̀ yàrá náà lọ ní mítà 3, á máa tì í sókè pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 3 lórí mítà kọ̀ọ̀kan níbùú-lóòró. Kí ilé tó wúwo tó láti borí rẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n ṣì wà ní àjà kìíní, omi lè gbé e. Títí di ìgbà náà, pọ́ǹpù kò gbọ́dọ̀ sinmi.

Lẹ́yìn èyí ló kan dída kòǹkéré. Wọ́n á kọ́kọ́ da kòǹkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ kòtò, nǹkan bíi mílímítà 50 sí 75, tí wọ́n ń pè ní bláíńdìn, kí irin má bàa kan ẹrẹ̀. Ayọ́nbẹ́ńdà á tẹ́ irin rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àti lókè, á fi báíńdìn wáyà dì í, á sì fi bísíkíìtì sábẹ́ rẹ̀. Bísíkíìtì yìí, kòǹkéré kékeré tí wọ́n mọ ní ilẹ̀ iṣẹ́, ni kì í jẹ́ kí irin sùn lé bláíńdìn. Bí kò bá sí i, irin á wà létí kòǹkéré, omi á kàn án, á dípẹtà. Ní etí odò, kí gíga bísíkíìtì náà máà dín ní mílímítà 50. Ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, òun sì ni àwọn lébúrà máa ń tẹ̀ fọ́ jù nígbà tí wọ́n bá ń rìn lórí irin. Kí fọ́máànù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wo abẹ́ irin fúnra rẹ̀, kó tó ní kí wọ́n dà á.

Sìmẹ́ǹtì wá ńkọ́? Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti pín in sí ìpele: 32.5 fún rírẹ́ ògiri, 42.5 fún òpó, bíìmù àti àjà. Èyí tó wà fún ìpìlẹ̀ ọ́fíìsì ni 42.5. Bí raft náà bá gùn ní mítà 30, tó fẹ̀ ní mítà 20, tó nípọn ní 0.6, mítà onígun 360 ni kòǹkéré rẹ̀, nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì 2,500. Ẹ̀rọ ìpo-kòǹkéré kékeré tó ń gba àpò kan lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ń yí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, á gba ju wákàtí 200 lọ. Kòǹkéré tó ti gan kì í fẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, omi sì máa ń gba àárín wọn kọjá. Nítorí náà, bí kò bá sí ọkọ̀ kòǹkéré láti Àkúrẹ́ tàbí ibòmíràn nítòsí, kí wọ́n pín raft náà sí abala ṣáájú, kí ẹńjíníà sọ ibi tí kòǹkéré máa dá dúró, kí wọ́n fi ohun ìdíwọ́ omi sí ibẹ̀. Kí òjò tó ṣú lójijì má pín in fún wọn.

Ọyẹ́ máa ń ṣèdíwọ́ mìíràn. Afẹ́fẹ́ oṣù Kìíní máa ń gba omi lójú kòǹkéré kó tó dì dáadáa, ojú rẹ̀ á sì là wẹ́wẹ́. Àpò tí wọ́n bọ omi ni kí wọ́n tẹ́ lé e, kí wọ́n máa wọ́n ọn fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Wọ́n á ti rọ díẹ̀ nínú kòǹkéré náà sínú àpótí mílímítà 150, wọ́n á fọ́ ọ ní ọjọ́ 7, wọ́n á tún fọ́ ọ ní ọjọ́ 28, láti mọ iye tó lè gbà.

Odò fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò àkùrọ̀, bèbè odò àti etí ọ̀sà ti wà láti 2009, kò sì yẹ kí ilé dé ibi tí odò ti máa ń na ọwọ́ rẹ̀. Láti mọ ibẹ̀, kí ẹńjíníà má wo máàpù nìkan. Kó bá àwọn àgbẹ̀ tó ń ro oko kókò létí odò sọ̀rọ̀, kó béèrè ibi tí omi dé nígbà tó kún jù, kó sì wo ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara igi lókè orí rẹ̀. Àwọn afárá kéékèèké tí pàǹtírí ti dí náà wà nínú ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń padà sẹ́yìn. Bèbè tí omi ń jẹ, wọ́n lè fi àpótí wáyà tó kún fún òkúta tò ó, èyí tí wọ́n ń pè ní gabion. Èyí ni iṣẹ́ kan tó yẹ kó dínwó ní Èkìtì ju Èkó lọ, nítorí pé òkúta wà nílé.

Nígbà tí òpó bá ti ń yọ lórí raft, wọ́n á kan ìṣó kékeré sára àwọn tó wà ní igun, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wò wọ́n lóṣooṣù. Bí igun kan bá lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ ní mílímítà díẹ̀, ìṣó yẹn á ti sọ ọ́ kí ògiri tó là. Kí wọ́n fi ìwé ìwọ̀n náà, èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ àti àwòrán ìpìlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an pamọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti lọ́dọ̀ onílé. Àwọn ìwé yẹn máa wúlò lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn ọdún 10 tàbí 15, ẹnìkan á fẹ́ fi àjà kan kún un. Ewu irú rẹ̀ hàn nínú ilé tó wó ní Lẹ́kì, l'Ékòó, ní oṣù Kẹta ọdún 2016, tí ìjọba Èkó ní àwọn tó kọ́ ọ fi àjà kún iye tí wọ́n gbà láyè, èèyàn 34 sì kú síbẹ̀. Iye tọ́ọ̀nù tí òpó kọ̀ọ̀kan lè rù ti wà nínú àwòrán láti ọjọ́ kìíní, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè ka ìdáhùn kó tó pe bíríkìlà.